Ta Ni Yóò Ṣọ́ Ọ̀nà Wa? Ìbéèrè fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Jẹ́ Ààrẹ

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí bẹ̀rẹ̀ níwájú mọ́ṣáláṣí wa ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà ọdún 2022. A ti kírun tán, oòrùn mú, àwa mélòó kan sì jókòó sábẹ́ igi kí a tó padà sí ìsọ̀ wa. Ẹgbẹ́ PDP ti dìbò abẹ́lé tiwọn ní Àbújá ní òpin ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, Alhaji Atiku Abubakar ni ó sì wọlé. Ti ẹgbẹ́ APC ni ó kù, ọjọ́ rẹ̀ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ mọ bí àwọn ọlọ́jà ti rí. Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ. Ẹnì kan ní ẹni tí ó lówó lọ́wọ́ ni kí wọ́n fà kalẹ̀. Ẹnì kejì ní ẹni tí ojú rẹ̀ le bí ojú ṣọ́jà ni ó yẹ, nítorí àwọn ajínigbé. Ẹnì kẹta ní ohun tí òun mọ̀ ni pé kí ó ṣáà ti jẹ́ Mùsùlùmí òdodo.

Nígbà náà ni Alájà kan tí ó ń ta àlùbọ́sà dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ìyá yìí ti lé ní ogún ọdún nínú òwò rẹ̀, láti ìhà Sókótó àti Kẹ́bì ni wọ́n sì ti ń kó ọjà wá fún un. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má bínú sí mi o. Gbogbo àwọn tí ẹ ń dárúkọ wọ̀nyí, èwo nínú wọn ni ó ti sọ bí tírélà tí ó kó ọjà mi yóò ṣe máa ti Sókótó dé ibí láìsí pé wọ́n dá a lọ́nà?"

Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Kì í ṣe pé àwọn olùdíje kò sọ̀rọ̀ ààbò rárá. Kò sí ẹni tí ó ń du ipò Ààrẹ ní ilẹ̀ wa tí kò sọ ọ́. Àwa ni a kò fi etí sí i. A mọ owó wọn, a mọ ìlú wọn, a mọ ẹ̀sìn wọn, ṣùgbọ́n a kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti Francis Mímọ́ ní ìlú Ọ̀wọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n sì pa ogójì ènìyàn, ó kéré tán, nínú ilé ìjọsìn. Ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni àwọn aṣojú ẹgbẹ́ APC pé jọ sí Eagle Square ní Àbújá láti yan ẹni tí yóò du ipò Ààrẹ. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè ìyá alálùbọ́sà yìí ti ń lọ tí ó ń bọ̀ lọ́kàn mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi iye hàn yín, nítorí oníṣòwò kì í sá fún ìṣirò. Ní ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ PDP, ìbò 371 ni Alhaji Atiku fi borí. Ọ̀gbẹ́ni Nyesom Wike tí ó tẹ̀lé e ní 237. Ní ti APC, ìbò 1,271 ni Aṣíwájú Bola Tinubu ní. Ọ̀gbẹ́ni Rotimi Amaechi ní 316, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yemi Osinbajo sì ní 235. Nígbà tí gbogbo ìlú wá dìbò ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kejì ọdún 2023, ìbò 8,794,726 ni àjọ elétò ìdìbò kà fún Tinubu. Bí a bá pa 371 àti 1,271 pọ̀, 1,642 ni. Èyí ni pé àwọn ènìyàn tí kò tó èrò tí ń kírun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí ńlá kan ṣoṣo ni ó bá àwọn ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì yan ẹni tí wọ́n gbé ka iwájú wa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin àti èmi, wọ́n ti se ọbẹ̀ tán. Kí a jẹ ẹ́ tàbí kí a má jẹ ẹ́ ni ó kù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ wọn olùdíje lórí ọ̀rọ̀ ààbò, kí ó wọ̀n ọ́ kí ìdìbò abẹ́lé tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn kan lè bi mí pé kí ni ó kan ojú ìwé ẹ̀sìn nínú ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ó kàn wá gidigidi. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni ó ti mọ Súrátù Kuráíṣì láti ilé kéú. Àwọn oníṣòwò ni súrà náà ń bá wí, àwọn ará Mẹ́kà tí wọ́n ń rin ìrìn àjò òwò ní ìgbà òtútù àti ní ìgbà ooru. Oore méjì ni Ọlọ́run fi rán wọn létí níbẹ̀: pé Òun fún wọn ní oúnjẹ, àti pé Òun mú ìbẹ̀rù kúrò lọ́kàn wọn. Ànábì Ìbúráhímà pẹ̀lú, nígbà tí ó ń tọrọ oore fún ìlú Mẹ́kà, ààbò ìlú ni ó kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún kí ó tó bẹ̀bẹ̀ fún èso. Ó mọ̀ pé bí ọ̀nà bá dí, èso yóò jẹrà sóko. Ẹni tí ó bá ń ta tòmátì ní Mile 12 mọ ìtumọ̀ èyí ju àlùfáà lọ.

Báwo ni àwa ṣe ń yan olùṣọ́ nígbà náà? Mo rí àṣìṣe mẹ́ta tí a máa ń ṣe, n kò sì yọ ara mi sílẹ̀.

Àṣìṣe kìíní ni pé a máa ń wo aṣọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, àwọn Boko Haram kó àwọn ọmọbìnrin 276 ní ilé ẹ̀kọ́ Chibok. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, bọ́ǹbù bú gbàù ní mọ́ṣáláṣí ńlá Kánò nígbà tí ìrun ń lọ lọ́wọ́, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì pé lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹgbẹ́ APC fi dìbò abẹ́lé ní pápá ìṣeré Teslim Balogun ní Èkó, tí wọ́n sì fi ìbò 3,430 yan Ọ̀gágun Muhammadu Buhari. Inú wa dùn. A ní ṣọ́jà ni, a ní òun ni ó lé àwọn ará Chad kúrò ní agbègbè adágún Chad ní ọdún 1983. Èmi náà wà lára àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀.

N kò kọ èyí láti bú òkú. Buhari ti jáde láyé ní oṣù Keje ọdún 2025, kí Ọlọ́run dárí jì í. Kí a sì sọ òtítọ́: àwọn ìlú tí Boko Haram ri àsíá wọn mọ́lẹ̀ ní Bọ̀nọ́ padà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, apá kan ṣáájú kí ó tó dé orí oyè, apá kan lẹ́yìn tí ó dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ojú wà ní Bọ̀nọ́, iná ń jó ní Zamfara àti Kàtsínà. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn agbébọn kó àwọn ọmọkùnrin tí ó ju 300 lọ ní ilé ẹ̀kọ́ Kankara, ní ìpínlẹ̀ Ààrẹ fúnra rẹ̀, nígbà tí ó wà ní ìsinmi nílé rẹ̀ ní Daura. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 2022, wọ́n dá ọkọ̀ ojú irin tí ń lọ láti Àbújá sí Kàdúná lọ́nà, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn èrò lọ. Oṣù Kẹwàá ni àwọn tí ó gbẹ̀yìn tó gba ìtúsílẹ̀. Ní ọdún 2014, a bi ara wa bóyá ọkùnrin náà láyà. Ó láyà lóòótọ́. A kò bi í ohun tí yóò ṣe sí àwọn igbó Zamfara, tàbí ẹni tí yóò máa ṣọ́ abúlé lẹ́yìn tí àwọn ṣọ́jà bá ti kọjá. Aṣọ ológun kì í ṣe ètò ààbò.

Àṣìṣe kejì ni pé a máa ń wo ẹ̀sìn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò ká àwọn kan lára, ṣùgbọ́n ojú ìwé Mùsùlùmí ni ó yẹ kí a ti sọ ọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, àwọn agbébọn wọ mọ́ṣáláṣí ní abúlé Mazakuka ní Ìpínlẹ̀ Niger ní àkókò ìrun àárọ̀, wọ́n sì pa àwọn olùjọsìn tí ó ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Mùsùlùmí ni Ààrẹ ní ọjọ́ náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní Unguwan Mantau ní Ìpínlẹ̀ Kàtsínà, ní àkókò ìrun àárọ̀ kan náà, àwọn tí wọ́n pa sì ju ogún lọ. Mùsùlùmí ni Ààrẹ, Mùsùlùmí ni igbákejì rẹ̀. Kò burú kí inú wa dùn bí ará wa bá dé orí oyè, ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé ìrun tí olórí ń kí yóò dá ọta ìbọn dúró. Ìbọn tí ó pa àwọn onígbàgbọ́ ní Ọ̀wọ̀ àti èyí tí ó pa àwọn tí ó forí balẹ̀ ní Mazakuka kò yàtọ̀.

Àṣìṣe kẹta ni pé a máa ń wo ẹnu. Ẹni tí ó bá pariwo jù pé òun yóò pa gbogbo wọn run ni a máa ń pàtẹ́wọ́ fún. Ìlérí láti pa ènìyàn kò ṣòroó ṣe. Bí a ó ṣe dá aṣebi mọ̀ láàárín àwọn tí kò ṣẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn ará wa ní Tudun Biri ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná péjọ láti ṣe Mọ́lúdì Ànábì. Ọkọ̀ òfurufú àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa, irú èyí tí kò ní awakọ̀ nínú, ju bọ́ǹbù lù wọ́n. Ènìyàn tí ó ju 80 lọ ni ó kú. Àwọn ọmọ ogun gbà pé àṣìṣe ni. Ẹ wò ó, àwọn tí ń yin Ànábì, agbára tí ó yẹ kí ó ṣọ́ wọn ni ó pa wọ́n.

Kí ni kí a wá máa wò? Àlùkùráánì ti fi òṣùwọ̀n lé wa lọ́wọ́. Nígbà tí ọmọbìnrin Mádíyánì fẹ́ kí bàbá rẹ̀ gba Ànábì Mùsá síṣẹ́, ìwà méjì ni ó sọ nípa rẹ̀: pé ó lágbára, àti pé ó ṣeé fọkàn tán. Nígbà tí Ànábì Yúsúfù sì fẹ́ gba ilé ìṣúra Íjíbítì sábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, ohun méjì ni òun náà sọ: pé òun mọ ohun pa mọ́, àti pé òun ní ìmọ̀ iṣẹ́ náà. Agbára, ìfọkàntán, ìpamọ́, ìmọ̀. Láti inú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí ni mo ti fa ìbéèrè mẹ́rin jáde, tí ó yẹ kí a bi ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun fẹ́ jẹ́ Ààrẹ.

Ìbéèrè kìíní: kí ni o ti ṣe rí? Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni a ń wò. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń du ipò yìí ni ó ti ṣe gómìnà. Gbogbo wa sì mọ̀ pé gómìnà ní owó kan tí ó wà fún ètò ààbò, tí kì í sábà ṣírò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ bi í pé, "Ọ̀gá wa, nígbà tí owó ààbò ìpínlẹ̀ yín wà lọ́wọ́ yín, kí ni ẹ fi ṣe?" Kò ṣòro láti ṣe é ní gbangba. Ní ọdún 2007 ni Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin dá àpò ààbò kan sílẹ̀, tí ìjọba àti àwọn oníṣòwò jọ ń dá owó sí, tí wọ́n sì ń ṣe ìpàdé láti sọ bí wọ́n ṣe ná an. Ẹni tí kò lè ṣe ìṣirò owó kékeré, kí a má ṣe gbé owó orílẹ̀-èdè lé e lọ́wọ́.

Ìbéèrè kejì: ta ni yóò pàṣẹ fún ọlọ́pàá? Òfin ìpìlẹ̀ tí a gbé kalẹ̀ ní ọdún 1999, ní orí 214, fi gbogbo ọlọ́pàá sábẹ́ àṣẹ kan ṣoṣo. Èyí ni ó mú kí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Kìíní ọdún 2020, tí ariwo ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ sì ń pọ̀ sí i láti ìgbà náà. Èmi rí ọgbọ́n nínú kí ẹni tí ó mọ igbó máa ṣọ́ igbó. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa kò gbàgbé àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ti ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́, bí àwọn olóṣèlú ti ń fi wọ́n mú alátakò kí àwọn ṣọ́jà tó gba ìjọba ní ọdún 1966. Nítorí náà, kò tó kí olùdíje sọ pé òun fara mọ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tàbí pé òun kò fara mọ́ ọn. Kí ó sọ ẹni tí yóò dá gómìnà lọ́wọ́ kọ́ bí ó bá fẹ́ lo ọlọ́pàá náà sí ọ̀tá rẹ̀, tàbí sí àwọn tí ẹ̀sìn wọn kò pọ̀ ní ìpínlẹ̀ náà.

Ìbéèrè kẹta: ǹjẹ́ ohùn kan náà ni o ń fọ̀ ní Kánò àti ní Ìbàdàn? Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá dé Gúúsù, wọn a ní Fúlàní ni gbogbo aburú. Bí wọ́n bá dé Àríwá, wọn a ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan darandaran. Àwa ọlọ́jà ni a ń san gbèsè ahọ́n méjì yìí. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn. Ẹ̀mí ṣòfò, ìsọ̀ jóná. Láìpẹ́ sí i, ẹgbẹ́ àwọn tí ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Àríwá dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan, ata àti àlùbọ́sà sì gbówó lérí. Ẹ̀sìn wa kọ́ wa pé ìkórìíra tí a ní sí àwọn kan kò gbọdọ̀ mú wa yẹ̀ kúrò lórí ìdájọ́ òdodo. Kí a mú ajínigbé nítorí pé ó jínigbé, kì í ṣe nítorí èdè tí ó ń sọ. Kí olùdíje sì sọ fún wa ohun tí yóò ṣe bí àwọn ọmọ ogun bá tún ṣe irú àṣìṣe Tudun Biri: ta ni yóò jíhìn, ta ni yóò sì tọ́jú àwọn ọmọ òrukàn?

Ìbéèrè kẹrin ni ti òwò: èló ni ààbò tí o ń sọ yìí yóò ná wa? Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti gbogbo bodè orí ilẹ̀ pa, wọ́n ní nítorí fàyàwọ́ àti ìbọn tí ń wọlé ni. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni Sẹ̀mẹ̀ tó ṣí. Ìdí-Ìrókò wà ní títì pa títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022. Ẹ bi àwọn tí ń ná ọjà Kùtọnú àti Badagry léèrè ohun tí ojú wọn rí. Ní ọdún 2021, àwọn gómìnà kan ní Àríwá ti àwọn ọjà ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pa nítorí agbébọn, wọ́n sì fòfin de kíkó màlúù láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. N kò sọ pé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò lè tọ́ láéláé. Bí ilé bá ń jó, ènìyàn lè wó ògiri. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò wó ògiri mi, kí ó sọ ìgbà tí yóò tún un mọ fún mi. Olùdíje tí kò bá lè sọ bí títì yóò ti pẹ́ tó, ohun tí yóò fi mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́, àti ẹni tí yóò ran ẹni tí òwò rẹ̀ bá bàjẹ́ lọ́wọ́, kò tíì ronú kan ọ̀rọ̀ ààbò dé ìdí.

Ẹ lè ní, "Níbo ni àwa yóò ti rí olùdíje Ààrẹ bi ní ìbéèrè?" Ẹ kò ní láti dé Àbújá. Àwọn aṣojú tí wọ́n dìbò ní ọdún 2022, láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti wá. Ọ̀kan nínú wọn ń kírun ní ìlà kejì ní mọ́ṣáláṣí tiwa. Nígbà tí ó ti Àbújá dé, ìròyìn ti gbòde nínú ìwé ìròyìn pé dọ́là ni wọ́n fi ra ìbò níbẹ̀. A yí i ká, a ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a ń bi í pé èló ni ó kàn án. Ó rẹ́rìn-ín, kò dáhùn. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó bi í pé, "Alhaji, kí ni ọkùnrin tí ẹ dìbò fún sọ nípa ọ̀nà Sókótó?" Ojú ń tì mí títí di òní.

Nítorí náà, ìgbàkígbà tí àwọn ẹgbẹ́ bá tún fẹ́ yan olùdíje, ìbáà ṣe aṣojú ni yóò dìbò, ìbáà ṣe gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ní káàdì, ìbáà sì ṣe pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ ni yóò fohùn ṣọ̀kan, ẹ jẹ́ kí a ṣe ohun mẹ́ta. Ẹni tí ó bá wà nínú ẹgbẹ́, kí ó lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù rẹ̀, kí ó má fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ń wá owó ọtí. Kí àwọn ẹgbẹ́ àsáláátù àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà ránṣẹ́ pe àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́ ní àdúgbò, kí wọ́n ka ìbéèrè mẹ́rin yìí sí wọn létí, kí wọ́n sì gba èsì. Kí àwọn Lemọ́mù wa má ṣe fi orí àga wáàsí kéde olùdíje kankan. Iṣẹ́ tiwọn ni láti kọ́ jàmáà bí a ti ń wọn ènìyàn. Ẹni tí ó bá sì gba dọ́là nítorí ìbò, kí ó rántí pé ó lè jẹ́ ọmọ òun ni yóò wà nínú ọkọ̀ tí wọn yóò dá lọ́nà.

Ìyá alálùbọ́sà ṣì ń ná ọjà rẹ̀. Nígbàkígbà tí tírélà bá ń bọ̀, kì í sùn títí awakọ̀ yóò fi pè é pé òun ti kọjá Jẹ́bà. Ìbéèrè rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ níwájú mọ́ṣáláṣí wa. Ẹ bá wa gbé e dé iwájú àwọn tí ó yẹ kí ó dáhùn.

Kí Ọlọ́run Ọba bá wa mú ìbẹ̀rù kúrò lójú ọ̀nà wa, kí ó sì fún wa ní olùṣọ́ tí ó lágbára tí ó sì ṣeé fọkàn tán. Àmín.